Oríkì Tó Wà Lórí Ọbẹ̀ Mẹ́rìnlá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Onígbá

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin àna, ẹbí kí yín kú ìrìn, wọ́n sì kí yín kú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Ẹni tí a wá sin lónìí, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1989, Ọ̀yọ́ ló bí wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ ló fẹ́ wọn. Orúkọ ìrìbọmi wọn àti orúkọ ìdílé wọn wà lábẹ́ àwòrán tó wà níwájú ìwé yìí, níbi tí wọ́n ti ń wo ayàwòrán bí ẹni tó fẹ́ bi í pé ṣé kò tíì tán ni. Oríkì wọn ńkọ́? Ó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pa mọ́ sẹ́nu ná. Ìyá Onígbá ni gbogbo ọjà Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn yìí yóò ṣe máa pè wọ́n títí a ó fi débi tó yẹ ká dé.

Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀. Ìṣírò tí ẹbí ṣe gbé e sí nǹkan bí ọdún 1906. Ìyá Onígbá fúnra wọn kò fẹ́ràn ìṣírò yẹn rárá, wọ́n ní àwọn tó ṣe é fi ọdún méjì kún un kí àwọn lè tètè dàgbà. Bàbá wọn, Bàbá Àlàbí, ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí wọ́n ti ń fín igbá. Ìyá wọn, Ìyá Ifábùnmi, ń ta irú. Ọmọ méjì péré ló dúró fún wọn. Èyí ẹ̀gbọ́n fẹ́ àáfà ní ìsàlẹ̀ ọjà, òun la wá mọ̀ sí Alhaja Sìkírátù. Èyí àbúrò ni Ìyá Onígbá. Àwọn mẹ́ta yìí, bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n, ni wọ́n máa ń fi oríkì pe Ìyá Onígbá, nítorí ẹni tó juni lọ ló ń fi oríkì peni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́.

Ní ti ẹ̀kọ́ ìwé, ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Onígbá lò nílé ìwé. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n jókòó. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n bi tíṣà léèrè pé ìgbà wo gan-an ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, tíṣà sì fi pàṣán dá wọn lóhùn. Wọ́n kó ẹsẹ̀ wọn, ó di ìsọ̀ bàbá wọn, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n máa fi pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n lè fi èékánná kan igbá kí wọ́n sì sọ fún ọ bóyá yóò sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ọdún 1927, Bàbá Ọládépò, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́, wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì ra igbá méjì nísọ̀ Bàbá Àlàbí. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tún ra méjì. Nígbà tí igbá di méjìlá nílé àpọ́n, Bàbá Àlàbí ní kí wọ́n bá òun bi ọkùnrin náà léèrè ohun tó ń fi igbá ṣe. Bàbá Ọládépò kàn ń wo ilẹ̀. Ìyá Onígbá ló gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ má dà á láàmú mọ́. Èmi ló ń rà." Bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó ṣe ṣẹlẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí ọmọ mẹ́fà, tí mẹ́rin sì kù fún wa.

Iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ ilé ọkọ náà ni igbá. Wọ́n á ra igbá ní Akẹ̀sán, wọ́n á wọ bọ́lẹ̀kájà, wọ́n á tà á ní Takie. Àwọn oníṣàngó ń rà á lọ́wọ́ wọn, àwọn ìyàwó àáfà ń rà á, àwọn ìyá ìjọ ń rà á. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ẹ̀sìn ya oníbàárà sọ́tọ̀, wọ́n á ní igbá kò ṣèrìbọmi, igbá kò sì kírun. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn onígbá Takie. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìsọ̀ méjì, wọ́n á ní kí àwọn méjèèjì gbé igbá kan náà lórí fún wákàtí kan. Kò sí ìjà tó kọjá ogún ìṣẹ́jú rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá Onígbá kì í wọlé títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀. Ọmọ mẹ́fà á ti la ẹnu sílẹ̀. Bàbá Ọládépò á ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lẹ́sẹ̀, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á bu omi, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa wẹsẹ̀. Ìyá Onígbá ti pinnu láti ọdún kìíní pé bí ọkọ àwọn bá fi máa wẹsẹ̀ tán, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin agbo ilé ní ọbẹ̀ kíákíá kò lè dùn. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ìyá Onígbá dá wọn lóhùn pé irọ́ ni, ìmúrasílẹ̀ ló pa á. Wọn kì í fi wàrà-wàrà se ohunkóhun. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ alẹ́, láìdáná.

Ẹ jẹ́ ká fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gbígbẹ wọn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló ti jẹ ẹ́ láìmọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ni wọ́n ti ń lọ ata, wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, wọ́n á fi epo dín in, wọ́n á dé e mọ́nú ìkòkò. Ẹja gbígbẹ, wọ́n ti yọ egungun rẹ̀. Ẹ̀gúsí, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti yan án díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú igbá kéékèèké, wọ́n tò ó bí wọ́n ṣe máa mú un, láti ọ̀tún lọ sí òsì. Bí ọkọ bá ti bọ́ bàtà, ata dé orí iná. Bó bá bu omi, ẹ̀gúsí wọlé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹja. Ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀fọ́. Bó bá ti ń nu ẹsẹ̀, kí ó máa bọ̀ wá jẹun.

Bàbá Ọládépò dágbére fáyé ní ọdún 1969. Ní ọdún 1971, Alhaja Sìkírátù náà lọ. Nígbà tí Ìyá Onígbá ti Ọ̀yọ́ dé láti ibi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n jókòó sórí àpótí tí Bàbá ti ń wẹsẹ̀, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yé ẹnikẹ́ni nígbà náà. Wọ́n ní, "Ó parí. Mo ti di ìyá gbogbo ènìyàn." Ọmọ ilé rò pé ìbùkún ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ṣe àmín.

Ní ọdún 1973 ni ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ gbé Hajarat, ọmọ Ọ̀yọ́, wọlé ní ìyàwó. Bàbá Ràódàt ni a óò máa pe ọmọkùnrin náà níhìn-ín. Tíṣà ni Hajarat, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní oúnjẹ sísè, ìgbà púpọ̀ ni ilé tirẹ̀ ń jẹ gààrí mumu. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1986, ó ti ilé ìwé dé ní ìrọ̀lẹ́, kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, àwọn ọmọ ń sunkún, Bàbá Ràódàt ń bọ̀ lókèèrè. Hajarat jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, ó bú sẹ́kún. Ìyá Onígbá, ẹni ọgọ́rin ọdún, wọlé wá, wọ́n ní kí ó sún. Nígbà tó fi nu ojú tán, ọbẹ̀ ti délẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi." Wọ́n ní, "Tíṣà, o ò ṣe tètè sọ?"

Ibi tí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìwé tí gbogbo yín mọ̀ sí *Kí Ọkọ Tó Wẹsẹ̀ Tán*. Ọdún méjì gbáko ni Hajarat fi kọ ọ́. Wàhálà pọ̀ níbẹ̀. Hajarat fẹ́ fi ṣíbí wọn nǹkan. Ìyá Onígbá ní àtẹ́lẹwọ́ àwọn ni ṣíbí. Hajarat fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú. Ìyá Onígbá ní ẹsẹ̀ ọkọ àwọn ni aago. Kò sí ọgbọ́n méjì mọ́, Hajarat gbé aago ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí Bàbá Ràódàt máa wẹsẹ̀. Gbogbo ọbẹ̀ tó wà nínú ìwé yẹn ni wọ́n fi wẹsẹ̀ wò. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta. Títí di òní, kò sí akọ̀wé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tó tiwọn ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìwé parí, oúnjẹ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, mẹ́rìnlá nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Ìyá Onígbá.

Simon tó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Takie ló gba iṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà. Hajarat fẹ́ kí ojú ìwé kan wà lẹ́yìn, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fún un ní ọbẹ̀. Ìyàwó ilé kò lè kọ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, nítorí náà Bàbá Ràódàt ló bá a kọ ọ́. Wọ́n kọ ti ìyá wọn pé pérépéré, wọ́n kọ oríkì pẹ̀lú, kí ó má baà dà bíi pé wọ́n fi nǹkan pa mọ́. Simon, ọmọ dáadáa, wò ó pé ojú ìwé ọpẹ́ yìí á jẹ́ kí bébà lé sí i. Ó bá ṣe wọ́n lóore. Ó yọ ojú ìwé yẹn kúrò, ó sì fi orúkọ olúkúlùkù sórí ọbẹ̀ rẹ̀. Orúkọ Ìyá Onígbá gùn jù, kò gba orí ìlà. Èyí tó kúrú jù níbẹ̀, tó sì wọ̀ ọ́ bí ìbọ̀wọ́, ni oríkì wọn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1988, ni páálí ìwé dé ilé. Hajarat ṣí ẹyọ kan, ó dé ojú ìwé keje, orí rẹ̀ fò lọ. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, oríkì Màmá. Ó ṣí i sí iwájú. Ọbẹ̀ ilá àsèpọ̀, oríkì Màmá. Ẹ̀wà àti dòdò, oríkì Màmá. Ìgbà mẹ́rìnlá, orúkọ òun Hajarat sì wà gàdàgbà lẹ́yìn ìwé pé òun ló kọ ọ́. Ìyàwó tó ń fi oríkì pe ìyá ọkọ! Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nílé Ọládépò, kò sì dájú pé ó ti wà ní ilé kankan.

Ìyá Kareem, àkọ́bí Ìyá Onígbá, ti Ọ̀yọ́ dé lọ́jọ́ kejì nítorí ìkójáde ìwé náà, tí ó máa wáyé ní ogúnjọ́ oṣù. Wọ́n mọ ìwé kà dáadáa, ó sì dùn wá pé wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Wọ́n ké, "Hajarat! Ìyá tó bí mi lo pè báyìí?"

Hajarat ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá mi. Kì í ṣe èmi, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ kò mọ àgbà. Ìwọ náà kò mọ̀?" Wọ́n ní ìwé yẹn kò ní jáde nílé àyàfi bí wọ́n bá fi yíǹkì pa oríkì náà rẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á dáná sun ún. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ìgbà mẹ́rìnlá nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìwé, ẹgbẹ̀rún méje ni. Hajarat àti Bàbá Ràódàt jókòó ti yíǹkì. Ẹ̀rù ń ba Hajarat, kì í ṣe nítorí ìwé mọ́. Ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá ojúrere ìyá yìí, ó sì rí i. Báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ. Gbogbo ilé ń gbàdúrà pé kí Màmá má gbọ́.

Wọ́n ti pa ọgọ́ta ìwé rẹ́ nígbà tí Ìyá Onígbá wọlé dé láti ọjà ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Kí lẹ ń kùn sí ìwé tuntun? Láti àná lẹ ti ń kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni tó joyè. Kí lẹ ṣe?"

Ìyá Kareem ní, "Màmá, wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúkọ wo?"

Ọmọ kò lè sọ ọ́, ìyàwó kò lè sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ni ẹni tó bá ṣàlàyé máa tún dá. Ìyá Onígbá bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹni tó lanu. Níkẹyìn wọ́n ní kí wọ́n lọ pe Simon wá. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀ dé ibẹ̀. Simon kò tilẹ̀ dé àárín ilé kó tó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Onígbá ní kí ó má dìde, kí ó ka ohun tí ó tẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó gbé ìwé síwájú, ó sì fi ohùn wẹ́wẹ́ ka ti ẹ̀gúsí.

Ìyá Onígbá rọra jókòó. Wọ́n ní, "Tún un kà." Ó tún un kà. "Ó kù?" Ó ka ti ilá. Ó ka ti ẹ̀wà. Nígbà tó fi ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tán, omi ti gba ojú Màmá, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ọdún kẹtàdínlógún rèé, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ ń pè mí ní Màmá, ẹ ń pè mí ní Ìyá Onígbá, gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, mo ti rò pé ó kú."

Ìyá Kareem ṣì fẹ́ jà. "Màmá, ìyàwó ló pè yín o, kì í ṣe àgbà."

"Àwọn àgbà tó lè pè mí, ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ṣé ó dìgbà tí mo bá bá wọn lọ kí n tó gbọ́ oríkì mi ni?" Wọ́n ní kí wọ́n gbé yíǹkì kúrò níwájú àwọn. Ọgọ́ta ìwé tó ti bàjẹ́, wọ́n fi ta Ìyá Kareem lọ́rẹ, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa fi wọ́n kọ́ ọbẹ̀ tí kò lórúkọ.

Ìwé náà jáde lọ́jọ́ tí a dá, kò sì ku ẹyọ kan nígbà tó fi máa di Kérésì. Ẹ̀dà ti Ìyá Onígbá, inú igbá ni wọ́n ń gbé e sí lọ sí Takie. Wọn kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ bí oríkì wọn ṣe rí. Wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á fi ìka wá a rí, wọ́n á fi han oníbàárà: "Èmi nìyẹn." Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Simon máa ń wá kà á fún wọn. Ìjìyà rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń jẹun yó kó tó lọ.

Hajarat ńkọ́? Wọ́n ní kí òun náà máa kà á. Á kà á dáadáa títí á fi débẹ̀, á gbé itọ́ mì, á ní "ọbẹ̀ ẹ̀gúsí Màmá." Ìyá Onígbá á ní, "O ti fò mí." Á tún bẹ̀rẹ̀, á tún fò wọ́n. Ìwé rẹ̀ lè dẹ́ṣẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rín láàárín wọn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, Ìyá Onígbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Simon ń kà mí ni, kò pè mí. Ìwọ ni mo fẹ́ kó pè mí. Bó ò bá lè ṣe é lójú mi, ọjọ́ tí ẹ bá ń sin mí, pè mí lẹ́ẹ̀kan. Má fò mí lọ́jọ́ yẹn." Hajarat jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá, Ìyá Onígbá dùbúlẹ̀ sórí ẹní wọn, wọ́n ń sọ fún Hajarat ọbẹ̀ kan tí wọ́n gbàgbé, èyí tó yẹ kí ó wọ ìwé nígbà tí a bá tún un tẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró omi lẹ́yìnkùlé. Wọ́n bèèrè ẹni tó ń wẹsẹ̀. Hajarat ní Bàbá Ràódàt ni, wọ́n ti oko dé. Màmá ní, "Yára, gbé ọbẹ̀ sọ̀." Kí Bàbá Ràódàt tó wẹsẹ̀ tán, Màmá ti lọ.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ láyé ni ọmọ mẹ́rin: Ìyá Kareem ní Ọ̀yọ́, Bàbá Raliat ní Ìlọrin, Bàbá Ràódàt ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti Ìyá Ismaheel ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́tàlélógún sílẹ̀, àti ọmọ àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àwọn ìyàwó ilé, àwọn onígbá Takie, àti Simon. Simon náà ló tẹ ìwé yìí. A ti bẹ̀ ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ kí ó má ṣe wá lóore kankan.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé a kò pe ọmọ Màmá kankan lórúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìyàwó ilé ló sì kọ ìtàn yìí. Hajarat ni, òun náà ló ń kà á sí yín létí báyìí. Àwọn àgbà ilé ti fún un láyè. Láàárọ̀ yìí, Ìyá Kareem fúnra wọn tún gèlè rẹ̀ ṣe fún un, wọ́n ní, "Bó o bá débẹ̀, má gbé itọ́ mì."

Ó ti débẹ̀.

Àyọ̀kẹ́, ẹ sùn re o.